Ìlà Tó Ń Bá Ọmọ Dàgbà

"Má tíì fọwọ́ kàn án, gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ ò tíì gbẹ," Bámikẹ́ wí, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ìka ọmọ rẹ̀ kúrò lórí ìwé, nítorí pé àlùmọ́gàjí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ọ̀tún.

"Mi ò fọwọ́ kàn án, Mọ́mì. Mo kàn ń nàka sí i ni."

Ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ìyá àti ọmọ jókòó sórí ẹní nínú yàrá wọn ní àjà kejì ilé Alájì Ọlábọ̀dé, ládùúgbò kan lẹ́yìn ọjà Òkòkòmáìkò. Gbogbo ohun tí Bámikẹ́ kà sí ọrọ̀ wà lórí ẹní náà: páálí tẹlifíṣọ̀n tó máa ń ṣà jọ ní ọjà Àlàbá, àjákù léèsì tí télọ̀ kan kó fún un, bọ́tìnnì oríṣiríṣi nínú agolo mílíìkì, òdòdó pupa tó ti tẹ̀ gbẹ sáàárín ìwé. Àwọn ẹlòmíì a máa ra káàdì ní ṣọ́ọ̀bù. Bámikẹ́ kì í rà á. Bí wọ́n bá bímọ ní yàrá kejì, bí tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléèwé tó ti ń kọ́ni ní Ìbà bá ń ṣọjọ́ ìbí, bí Iléyá bá dé, á jókòó, á gé, á lẹ̀, á fi òwú ran etí rẹ̀ yí ká. Bí àlùmọ́gàjí ṣe máa ń dún nínú páálí, krẹ́ẹ́, krẹ́ẹ́, a máa dùn létí rẹ̀ bí ìgbà tí ebi bá ń pa èèyàn tó wá gbọ́ tí epo ń ta nínú páànù.

Ọdún tí sójà méjì wá láti bárékè Ọ̀jọ́ wá sọ fún un pé Gbénga ọkọ rẹ̀ ò ní í bọ̀ láti Bornó mọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà náà, kò lè di ife omi mú. Ìgbà tó fi àlùmọ́gàjí sí i ni ó tó dúró.

Èyí tó ń ṣe lọ́sàn-án yìí kì í ṣe káàdì. Ìwé ńlá ni, ìwé àlẹ̀mọ́, tó fẹ́ fún Àbídèmí lọ́jọ́ tó bá pé ọmọ ọdún méje. Ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ náà, ibi orúkọ rẹ̀ sì ti wá nìyẹn. Gbénga ló sọ lórí fóònù láti ojú ogun pé, "Ẹ máa ya ọmọ náà ní fọ́tò lọ́dọọdún, níbì kan náà, kí n lè máa rí bó ṣe ń ga." Bámikẹ́ mú òpó iwájú ilé, èyí tó gbé gbogbo àjà òkè ró ní fàrándà ìsàlẹ̀. Fọ́tò àkọ́kọ́ tẹ Gbénga lọ́wọ́. Èkejì kò bá a láyé. Síbẹ̀ Bámikẹ́ kò jáwọ́.

Ó to àwọn fọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ìwé, láti ọdún kìíní títí dé ọdún kẹfà. Àbídèmí tẹ orí rẹ̀ sí apá kan.

"Mọ́mì, ìlà yẹn náà ń ga."

"Ìlà wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí. Òun náà ń dàgbà."

Bámikẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ìwé fọ́tò ló ha. Ó gbé èkejì sókè sí ojú fèrèsé: ìlà kan wà lára òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ náà, tín-ín-rín bí irun orí. Nínú ẹ̀kẹta, ó ti dé orúnkún. Nínú ẹ̀kẹrin, kò sí i rárá. Wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kun òpó náà. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀karùn-ún ó ti padà, ó ti dé èjìká, ó sì ti nípọn bí òwú ìránṣọ. Nínú ẹ̀kẹfà, tí wọ́n yà lọ́dún tó kọjá, ó ti ré kọjá orí Àbídèmí, ó ti yà sí ọ̀nà méjì bí ẹ̀ka igi.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Bámikẹ́.

Lókè lórí wọn, nǹkan dún: gbì! Àwọn lébírà ló gbé bùlọ́ọ̀kù kalẹ̀. Oṣù kejì rèé tí Alájì ti ń kọ́ àjà mìíràn lé ilé náà lórí. Ojoojúmọ́ ni Bámikẹ́ ń gbọ́ ìró yẹn, kò sì kà á sí. Lọ́sàn-án yìí ni ó tó ṣàkíyèsí pé gbogbo ìgbà tó bá dún, bọ́tìnnì inú agolo mílíìkì a máa mì.

"Jókòó síbí," ó wí fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Rárá, dìde. Tẹ̀lé mi."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Òpó náà dúró digbí, ó mọ́ lóló. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ẹ, wọ́n sì ti fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kùn ún. Bámikẹ́ fi ìdí àlùmọ́gàjí tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kàn án. Nísàlẹ̀, ó dún bí òkúta. Ní ọ̀gangan àyà rẹ̀, ó dún bí igbá òfìfo. Ó tún kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, èèpá síméńtì kan ré bọ́ sílẹ̀. Ó ti ẹnu àlùmọ́gàjí bọ ibẹ̀, ó sì wọlé títí dé ibi tí ìka ń wà. Kò kan ohunkóhun.

Ó fà á yọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fa abẹ́rẹ́ yọ lára ọmọ.

Akeem, bíríkìlà tó ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn nísàlẹ̀, jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń fọ irin tó fi ń rẹ́lé nínú ike omi kan.

"Bọ̀dá Akeem, ta ló rẹ́ òpó iwájú ilé?"

"Tíṣà, ẹ kú ilé o." Akeem ò gbójú sókè.

"Ẹ̀yin ni ẹ rẹ́ ẹ."

"Èmi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rẹ́ ẹ." Ó ju irin náà sínú omi. "Ìgbà àkọ́kọ́, ìka mi tó kéré jù ò lè wọ ibi tó là. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, síméńtì ni mò ń kì bọ̀ ọ́ ní ẹ̀kúnwọ́, ó kàn ń gbé e mì ni. Mo sọ fún Alájì. Wọ́n ní kí n rẹ́ ẹ, kí n sì panu mọ́. Mo bá panu mọ́."

"Ẹ panu mọ́! Ìyàwó yín sì ń sùn nínú ilé yìí?"

Akeem tún na ọwọ́ mú irin náà nínú omi. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ìyàwó mi ti wà ní Ìlaròó láti ọjọ́ tí mo rẹ́ ẹ tán. Mo ní kó lọ kí ìyá ẹ̀."

Bámikẹ́ fa Àbídèmí mọ́ra. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọkùnrin yìí ti rí i lórí àtẹ̀gùn, ó ti kí i, ó ti bá Àbídèmí ṣeré, ó sì ti mú ìyàwó tirẹ̀ kúrò nílé.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó gbé ìwé náà lọ bá Alájì Ọlábọ̀dé. Ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni Alájì, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, yàrá ńlá iwájú nísàlẹ̀ ni ó ń gbé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Gbogbo káàdì Iléyá tí Bámikẹ́ ti ṣe fún un ló tò sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò ju ọ̀kan nù rí.

"Tíṣà wa, wọlé, wọlé. Kí lo tún ṣe fún mi?"

Bámikẹ́ kúnlẹ̀, ó ṣí ìwé náà lé e lẹ́sẹ̀. Alájì wọ dígí ojú rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Wo eyín rẹ̀! Èyí tó ká nìyí. Ọmọ yìí mà ti dàgbà o."

"Ẹ má wo ọmọ, sà. Ẹ wo ẹ̀yìn ọmọ."

Ó fi ìka tọ ìlà náà fún un láti fọ́tò dé fọ́tò. Alájì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Lókè, bùlọ́ọ̀kù dún gbì.

"Ta ló rán ọ wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà."

"Akeem ni."

"Ọmọ ló rí i, sà. Ọmọ ọdún mẹ́fà."

Alájì bọ́ dígí ojú rẹ̀. "Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi po síméńtì ilé yìí. Ọjọ́ tí wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ, níbo lo jókòó sí?"

"Orí àga yẹn ni, sà."

"Ta ló di ọwọ́ rẹ mú títí ilẹ̀ fi ṣú?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ǹjẹ́ mo pè ọ́ ní ayálégbé rí?"

"Rárá, sà."

"Kí ló wá dé tí o fẹ́ fi fọ́tò ọmọ wó ilé mi?"

Omi lé sójú Bámikẹ́. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí bàbá náà sọ. Bí kì í bá ṣe Alájì, Bámikẹ́ kò mọ ibi tí òun ì bá wà lónìí. "Alájì, ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n dá iṣẹ́ òkè dúró ná. Kí ẹ pe ẹ́ńjíníà kó wá wò ó. Bó bá ní kò sí nǹkan, màá dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin tọrọ àforíjì."

"Fi ìwé yẹn sílẹ̀. Mo máa tún un wò."

Ó fi í sílẹ̀. Àgbàlagbà ló sọ pé kó fi í sílẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, àwọn lébírà tún gorí ilé. Bámikẹ́ ń sọ̀kalẹ̀ lọ síṣẹ́, ó bá Fúnkẹ́ onídìrí lórí àtẹ̀gùn, ó ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

"Kò fẹ́ ṣí," Fúnkẹ́ wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Òjò ló mú kí igi wú."

"Òjò ò tíì rọ̀ lóṣù yìí, Fúnkẹ́."

Fúnkẹ́ wò ó, ó wo ilẹ̀kùn náà, ó sì tún fi èjìká tì í.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Sẹ̀kínát kan ilẹ̀kùn Bámikẹ́. Òun ni àkọ́bí Alájì, Ìbà Housing Estate ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í wá se oúnjẹ fún bàbá rẹ̀. Ó mú ìwé náà dání nínú ọ̀rá dúdú.

"Bàbá ní kí n mú un wá fún yín. Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́." Ó dúró díẹ̀. "Ìyá Àbídèmí, kí ni wọ́n fi àlùmọ́gàjí mi ṣe? Láti ọ̀sán àná ni wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́rí."

Bámikẹ́ ṣí ìwé náà. Àbídèmí ṣì wà níbẹ̀, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n òpó ti lọ. Wọ́n ti gé e kúrò lẹ́yìn ọmọ náà nínú gbogbo fọ́tò, wọ́n sì tún ọmọ náà lẹ̀ mọ́ páálí lófìfo, bí ẹni tó dúró sínú afẹ́fẹ́. Ọwọ́ tó gé e kò kánjú. Ó tọ etí rẹ̀ yí ká, ó tọ ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó tọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ha ara ọmọ náà níbì kankan.

Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí Bámikẹ́ ti ń gé ìwé, ó sì mọ iye wákàtí tí irú iṣẹ́ yẹn ń gbà. Ó rí arúgbó náà lójú inú rẹ̀, pẹ̀lú dígí lójú, lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, tó ń gé. Ẹni tí kò bá gba ohun tó rí gbọ́ kì í jókòó gé e kúrò.

"Alájì mọ̀," ó wí jẹ́ẹ́.

"Mọ kí ni?"

Bámikẹ́ mú fóònù rẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni àwọn fọ́tò náà ti wá, ó sì fi wọ́n han Sẹ̀kínát lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀kẹfà, Sẹ̀kínát jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ibùsùn bàbá mi ló wà lẹ́yìn òpó yẹn," ó wí.

Ní Ọjọ́rú, bí iléèwé ti jáde, Bámikẹ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, ó ní kí wọ́n tẹ àwọn fọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní kéékèèké, lọ́nà mẹ́rìnlá. Yàrá mẹ́rìnlá ló wà nínú ilé náà. Ó délé, ó tẹ́ ẹní, ó sì ṣe káàdì mẹ́rìnlá. Kò fi léèsì sí i, kò fi bọ́tìnnì sí i. Títẹ̀ ló kàn tẹ páálí sí méjì, ó to àwọn fọ́tò náà sínú rẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ó sì kọ ọ́ sí iwájú pé: Ẹ WO Ẹ̀YÌN ỌMỌ. Ìsàlẹ̀ fọ́tò ìkẹyìn ló kọ ọ́ sí pé: Òpó tó gbé gbogbo wa ró rèé. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí iṣẹ́ yìí ò dùn mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa ṣe ìkẹtàlá, ìka rẹ̀ ti ń gbọ̀n bíi ti ọdún tí Gbénga kú.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi káàdì lé oníkálukú lọ́wọ́. Fúnkẹ́ wo káàdì, ó wo ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹrù. Ọkùnrin kan tó ń ta wáyà ní Àlàbá rẹ́rìn-ín: ògiri wo ni kì í sán ní Èkó? Obìnrin kan bú u pé ó fẹ́ lé àwọn èèyàn síta nígbà tí òjò ń bọ̀, ó ní bóyá ó ti bá ẹnìkan dì í kí wọ́n lè ra ilé náà lọ́wọ́ Alájì. Ariwo sọ. Àwọn èèyàn kó ara wọn jọ sí fàrándà, wọ́n ń pariwo lé Bámikẹ́ lórí.

Ìgbà yẹn ni Akeem jáde láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú irin ìrẹ́lé rẹ̀. Ó lọ síbi òpó, ó fi irin náà họ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo síméńtì tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́sẹ̀ tó kọjá sì wó lulẹ̀ lódidi bí èèpo ẹyin.

Ihò tó wà níbẹ̀ gba ọwọ́ àgbàlagbà.

"Èmi ni mo rẹ́ ẹ," Akeem wí. "Ẹ bá mi dárí jì mí."

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn èèyàn padà sẹ́yìn kúrò ní fàrándà, bí ẹni tó bá ejò lójú oorun.

Ọjọ́bọ̀ fi máa di ọ̀sán, bẹ́ẹ̀dì àti gáàsì ti kún ojú títì. Àwọn kan gba ilé ẹbí lọ, àwọn kan gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Àwọn lébírà tó wà lókè rí bí wọ́n ṣe ń kẹ́rù jáde, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ ní méjìméjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Sẹ̀kínát ti pe àwọn ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilé. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ajé. Òun náà ló ní kí Bámikẹ́ kó ẹrù rẹ̀ wá sí yàrá kan lẹ́yìn ilé òun ní Ìbà.

Ó wá ku Alájì nìkan. Ó gbé àga rẹ̀ síbi tó máa ń wà, ní ẹsẹ̀ òpó. Sẹ̀kínát ti bẹ̀ ẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há; ó ti wà ní òdìkejì títì báyìí, ó di Àbídèmí lọ́wọ́ mú. Ojú ọ̀run ti ṣú, atẹ́gùn òjò ti ń gbá ọ̀rá kiri.

Bámikẹ́ kọjá títì lọ bá a, ó kúnlẹ̀.

"O ti lé gbogbo wọn lọ tán," Alájì wí.

"Ẹ̀yin ló kù, sà."

"Mi ò bínú sí ọ." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo gé e kúrò nítorí mo fẹ́ wo ọmọ náà láìrí ìlà yẹn. Láti ọjọ́ tí o ti fi í hàn mí, bí mo bá dijú, òun ni. Bí mo bá lajú, òun ni. Mo ní bí mo bá gé e dáadáa..."

"Ẹ jẹ́ ká lọ, sà."

"Ibo? Kí n lọ jókòó sílé ọkọ ọmọ mi, kí wọ́n máa fi ìka tọ́ka mi pé ẹni tí ilé rẹ̀ fẹ́ pa èèyàn nìyẹn?"

Bámikẹ́ kúrò lórí ìkúnlẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. "Bí ẹ ò bá dìde, èmi náà ò ní dìde."

"O lọ́mọ."

"Mo lọ́mọ, sà. Ó ń wò wá lọ́ọ̀ọ́kán yẹn."

"Kò ní bàbá. Ṣé o fẹ́ kó má ní ìyá ni?"

Ìgboyà kọ́ ló mú Bámikẹ́ jókòó. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ fún un pé kó sáré. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó di tirẹ̀ mú lọ́jọ́ tí ayé dojú rú fún un ló gbé lé apá àga yìí, kò sì lè fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀. Ilé ńlá náà ṣófo lórí wọn, kò sí rédíò, kò sí ẹsẹ̀ ọmọdé lórí àtẹ̀gùn. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n ti gbọ́ ọ: ìró kékeré kan látòkè, bí ìgbà tí èèyàn bá rọra tẹ igi gbígbẹ tí kò tíì fẹ́ dá. Yanrìn fínífíní bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ láti ara òpó. Ó dà sẹ́yìn ọwọ́ Alájì, ó ń pọ̀ sí i bí iyọ̀ tí wọ́n ń wọ̀n.

Àwọn méjèèjì ń wò ó.

"Mọ́mì!" Àbídèmí ké láti òdìkejì. Sẹ̀kínát fà á mọ́ra.

Alájì gbé ojú lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ó yí ọwọ́ rẹ̀ padà, yanrìn náà sì dà sílẹ̀.

"Bàtà mi dà?" ó bèèrè.

Bámikẹ́ fà wọ́n jáde lábẹ́ àga, ó sì wọ̀ wọ́n fún un lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láìgbójú sókè.